Orin wo ló yẹ ọmọdé? Àlàyé lórí yíyan orin, àti bíbẹ aṣẹ̀dá-orin lọ́wẹ̀, fún ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé

Lọ́dọọdún, bí Ìkórè Àwọn Ọmọdé bá ti ń sún mọ́lé, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá akọrin á mú ìwé ìnáwó wá síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á rí i pé ó kọ owó kan síbẹ̀ fún orin tuntun, wọ́n á sì bi í pé: "Orin wo lẹ tún fẹ́ náwó lé, nígbà tí orin kún YouTube?" Àwọn òbí náà ní ìbéèrè tiwọn. Kí ló dé tí ọmọ tó ń kọrin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nílé fi máa ń pariwo bó bá ti dé iwájú ìjọ? Kí ló dé tí orin tí àgbà kọ tó dùn kì í fi í dùn mọ́ bó bá dẹ́nu àwọn ọmọ?

Ìdáhùn kan náà ló wà fún ìbéèrè ìgbìmọ̀ àti ti àwọn òbí: ọ̀pọ̀ orin tá à ń kọ́ àwọn ọmọ wa, àgbà ni wọ́n ṣe é fún.

Ta là ń pè ní akọrin ọmọdé, kí sì ni kọmíṣọ́ọ̀nù?

Nínú àlàyé yìí, akọrin ọmọdé ni ọmọ tó wà láàárín nǹkan bí ọdún 5 àti ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá fọ́. Ohùn ọmọkùnrin sábà máa ń fọ́ láàárín ọdún 12 sí 14. Ti ọmọbìnrin náà ń yí padà, àmọ́ kì í hàn síta tó bẹ́ẹ̀.

Yíyan orin ni kéèyàn mú nínú èyí tó ti wà nílẹ̀. Kọmíṣọ́ọ̀nù ni kéèyàn bẹ aṣẹ̀dá-orin lọ́wẹ̀ pé kó kọ èyí tí kò sí tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn akọrin kan pàtó, lówó tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí. Kì í ṣe owó alágbàtà, kì í sì í ṣe owó ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọkàn àwọn onígbìmọ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ. Ẹni tó yan orin dà bí ẹni tó ra aṣọ ní bọ́síkọ́nà. Ẹni tó bẹ aṣẹ̀dá-orin lọ́wẹ̀ ló gbé aṣọ lọ fún télọ̀. Aṣọ bọ́síkọ́nà lè bá ọmọ mu rẹ́gí, kò sì wọ́n. Àmọ́ bí èyíkéyìí ò bá bá ọmọ mu, télọ̀ ló kù, télọ̀ sì gbọ́dọ̀ wọn ọmọ kó tó mú sáàsì.

Ibo ni ohùn ọmọdé lè dé?

Ọmọ ọdún 5 sí 7 máa ń kọrin pẹ̀lú ìrọ̀rùn láàárín ohùn bíi mẹ́fà: láti D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C àárín dùùrù, gun òkè dé B (lẹ́tà wọ̀nyí ni orúkọ àwọn ohùn lórí dùùrù). Bí ẹ bá fi D ṣe doh nínú sófà, ìyẹn doh, ray, me tí wọ́n fi ń kọ orin sílẹ̀, láti doh dé lah nìyẹn. Bí wọ́n bá tó ọdún 8 sí 10, ohùn á gbòòrò: láti C àárín dé D tàbí E òkè. Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 tó ti wà nínú ẹgbẹ́ tipẹ́ lè sọ̀kalẹ̀ dé A tó wà lábẹ́ C àárín, kí wọ́n sì gun òkè dé F tàbí G.

Ẹ má kàn wo ibi tí orin ga dé àti ibi tó rẹlẹ̀ dé. Ibi tí orin náà ń gbé jù lọ ló ṣe pàtàkì. Orin tó kàn fọwọ́ kan D òkè lẹ́ẹ̀kan kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, àmọ́ èyí tó dúró sórí D yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin á mú kí àwọn ọmọ máa na ọrùn bí adìẹ.

Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ jù nílẹ̀ wa tiẹ̀ ni òdìkejì rẹ̀. Wọ́n á mú orin ìyìn tí ọkùnrin olóhùn gbẹ̀ǹgbẹ̀ kọ sínú àwo, oníkibọ́ọ̀dù á lù ú ní kíì (ibi tí doh wà lórí dùùrù) tó bá ọwọ́ tirẹ̀ mu, àwọn ọmọ á sì máa wá ohùn lábẹ́ ilẹ̀. Ọmọdé ní ọ̀nà méjì tó fi ń gbé ohùn jáde. Ọ̀kan ni ohùn tó fi ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní pápá, ohùn àyà, tó wúwo. Èkejì ni ohùn orí, tó fúyẹ́, tó sì mọ́ gaara. Orin tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ máa ń fi ohùn àyà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ègbè bá wá gòkè, ọmọ á gbé ohùn wíwúwo yẹn dání lọ sókè, ariwo lásán ni yóò sì jáde. Fún àwọn tó kéré, orin tó bẹ̀rẹ̀ lókè díẹ̀, tó wá ń rọra sọ̀kalẹ̀, ló dára jù, nítorí ohùn orí ni wọ́n á fi mú un látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi kíì méjì wò ó pẹ̀lú orin tí wọ́n ti mọ̀, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ò sì ní tún fún wọn ní máíkì mẹ́rin mọ́.

Kí ló ń mú kí ọ̀rọ̀ Yorùbá dàrú nínú orin?

Ibí ni iṣẹ́ wà gan-an, ibí náà sì ni àwọn tó ń yan orin fún ọmọ Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ wò.

Ọmọ tó ti wọ ilé-ìwé mọ dò, re, mí, nítorí òun la fi ń kọ́ wọn ní àmì ohùn. Ẹ wo ọ̀run: dò-re, ohùn ń gòkè. Ẹ gbé e sórí orin tó ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀run á di ọrùn, Baba wa tí ń bẹ lókè á sì dẹni tó ń gbé ní ọrùn. Àgbà tó ti ń kọ orin náà láti ogójì ọdún ò ní kọbi ara sí i, torí ó ti mọ ohun tí orin fẹ́ sọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ò mọ̀. Ohun tó gbọ́ ló ń kọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìyìn sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú orin òyìnbó gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, wọ́n ka iye sílébù, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Sílébù pé, ohùn ò bára mu. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà ará Abẹ́òkúta tó gbáyé láàárín 1855 sí 1930, fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìjọ, ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba ohùn rẹ̀ sórí àwo ní London ní 1922. T. K. E. Phillips, ọ̀gá orin ní Kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 di 1962, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì dúró lórí i pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ bá gbà ni orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Kì í ṣe pé gbogbo àmì òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ me, kí gbogbo àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ doh. Ibi tí ohùn kọjú sí là ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, kí orin gòkè, ì báà jẹ́ ìgbésẹ̀ kan tàbí mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ bá sọ̀kalẹ̀, kí orin sọ̀kalẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tuntun, orin lè tún ibùjókòó rẹ̀ mú. Ẹni tí kò mọ ìwé orin lè yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ọ̀rọ̀ orin náà jáde bí ẹni ń sọ̀rọ̀, ẹ wá kùn ún láìla ẹnu, kí ẹ sì fi kíkùn náà wé orin. Bí onígángan bá wà nítòsí, kó fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí ìlù àti orin bá ti yà, ẹ fàlà síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ orin ló ń dá wàhálà kejì sílẹ̀. Ká ní orin bá ẹsẹ̀ kìíní mu pátápátá. Ẹsẹ̀ kejì ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ mìíràn ní ohùn mìíràn, orin kan náà ni wọ́n sì fẹ́ fi kọ ọ́. Ó di dandan kó bà jẹ́. Àwọn baba wa ti yanjú èyí tipẹ́ pẹ̀lú lílé àti ègbè. Ègbè kì í yí padà, nítorí náà orin rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ bára mu títí. Lílé ló ń yí, ẹni tó ń lé e sì ń yí orin díẹ̀díẹ̀ kó lè bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí àlọ́ àpagbè ṣe rí nìyẹn: apàlọ́ ń lé, àwọn ọmọ ń gbè. Mi ò mọ ètò tó tún bá ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé mu jù ú lọ. Àwọn kéékèèké á mú ègbè tó kúrú, àwọn ńlá á máa lé, ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ kò ní dúró lójú agbo bí ère.

Àwọn orin ìbílẹ̀ wọ̀nyí tún ní àǹfààní kan: púpọ̀ nínú wọn kò ju ohùn márùn-ún lọ, doh, ray, me, soh, lah. Kò sí ìgbésẹ̀ kékeré tó ń ṣi ọmọ lọ́nà láàárín wọn. Zoltán Kodály, aṣẹ̀dá-orin ará Húngárì, gbọ́ báwọn ọmọ iléèwé kan ṣe ń kọrin ní 1925, inú rẹ̀ bàjẹ́ sí ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fáwọn ọmọdé, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi orin ìbílẹ̀ tiwọn, olóhùn márùn-ún, tọ́ wọn.

Ṣé dandan ni kí wọ́n pín ohùn?

Rárá. Ohùn kan ṣoṣo tó mọ́, tí gbogbo wọn jọ kọ, kì í ṣe ìtìjú. Ìwé orin tó ní soprano, alto, tenor àti bass, ti àgbà ni. Ọmọdé ò ní tenor, kò ní bass, ẹni tí wọ́n sì sọ di alto, ohùn ìsàlẹ̀ ti obìnrin, ní ọdún mẹ́jọ, wọ́n ti rán an padà sínú ohùn àyà nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti dá dúró dáadáa, kí apá kan máa lé, kí apá kejì máa gbè. Lẹ́yìn náà kí apá kan di gbólóhùn kúkúrú kan mú tí wọ́n á máa tún kọ lábẹ́ orin. Ohùn méjì tòótọ́ lè wá tẹ̀ lé e. Ní Yorùbá, kí ohùn kejì máa bá ti àkọ́kọ́ rìn pọ̀: bí èyí bá gòkè kí tọ̀hún náà gòkè, bíi ti àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti ń fi ohùn méjì kọrin bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí ọ̀kan bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀kalẹ̀, ó lè dùn létí òyìnbó, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ti ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ inú orin ńkọ́?

Kí ó jẹ́ ohun tí ọmọ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Mo ti gbọ́ ọmọ ọdún márùn-ún tó ń fi gbogbo agbára kọ ọ́ pé kí ọ̀tá òun ó kú. Ọ̀tá wo? Ẹni tó gba bisikíìtì rẹ̀ ni àbí ta? Ẹranko, òjò, oúnjẹ, eré, ọpẹ́, àdúrà kúkúrú: kò sí èyí tó kéré jù. Kí gbólóhùn má gùn ju èémí ọmọ lọ.

Fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tí Yorùbá wọn kò dán mọ́rán, ẹ kọ gbogbo àmì ohùn sórí ìwé ọ̀rọ̀ orin. Àwọn ọmọ tó wà nílé náà nílò rẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní rí òbí tó máa gbà.

Ta ló ni orin tó ti wà nílẹ̀?

Ní Nàìjíríà, Òfin Kópíráìtì ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo orin ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, àti fún ọdún 70 lẹ́yìn tó bá kú. Orin Ransome-Kuti ti kúrò lábẹ́ ààbò nìyẹn. Ti àwọn aṣẹ̀dá-orin bí Ayọ̀ Bánkọ́lé, tó kú ní 1976, àti Fẹlá Ṣówándé, tó kú ní 1987, ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Orin àlọ́ kò ní ẹnì kan tó lè pè é ní tòun, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jókòó tó pín in sí ohùn méjì, tó fi dùùrù sí i, iṣẹ́ tó ṣe sí i yẹn, tirẹ̀ ni.

Nítorí náà, kéèyàn ra ẹ̀dà kan kó sì lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ogójì kò tọ̀nà. Bí wọ́n bá ta ìwé orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye akọrin ni wọ́n sábà fi ń ṣírò owó. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ orin sì lè yàtọ̀ sí ẹni tó ni orin. Ewì akéwì tó ṣì wà láàyè, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bíbélì Yorùbá ti ayé Crowther, tó parí ní 1884, ẹ lè mú ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ìtumọ̀ tuntun ní ẹni tó ni ín.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ bẹ aṣẹ̀dá-orin lọ́wẹ̀?

Nígbà tí ẹ bá ti wá orin títí tí ẹ kò rí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orin ọmọdé pọ̀ lọ súà, ẹ má náwó níbẹ̀ láìnídìí. Benjamin Britten, tó di ìlúmọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà, kọ odidi àkójọ orin kan láàárín 1933 sí 1935 fún àwọn ọmọ iléèwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń darí ní Wales. Ayé ṣì ń kọ ọ́. Ní Yorùbá, orin ọmọdé tó wà lákọsílẹ̀, tó bá ohùn wọn mu, tó sì bá ọ̀rọ̀ mu, kò pọ̀. Owó ìgbìmọ̀ níṣẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó lọ bá aṣẹ̀dá-orin, ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá. Ọmọ mélòó ni, ọdún wọn ńkọ́? Ohùn tó rẹlẹ̀ jù àti èyí tó ga jù tí wọ́n lè dé láìfún ara wọn lọ́rùn, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó ni orin máa gbà? Mẹ́ta tó fún ọmọdé. Dùùrù ni, kibọ́ọ̀dù ni, àbí gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ orin dà, ta ló kọ ọ́? Ẹ gba fídíò àwọn ọmọ náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ orin tí wọ́n mọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ó wúlò ju lẹ́tà ojú ewé méjì lọ. Ẹ sì ka ọ̀rọ̀ orin náà sínú fóònù pẹ̀lú, nítorí aṣẹ̀dá-orin tó jẹ́ Ìjẹ̀bú àti ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Ọ̀yọ́ lè máà fi ohùn kan náà pe ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ béèrè pé kó kọ orin náà ní sófà àti ní ìlà márùn-ún, ìyẹn àmì orin tí wọ́n ń tò sórí ìlà. Àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú sófà bíi pé ti aláìmọ̀wé ni. Ní 1841, ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ní Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbéṣẹ́ fún òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, John Curwen, pé kó wá ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ́ni lórin. Ọ̀nà tí Sarah Glover ti ń lò ní Norwich ló gbé dìde tó sì tún ṣe. Nítorí ọmọdé ni wọ́n ṣe sófà.

Bí ẹ bá ti sanwó, ṣé tiyín ni orin náà?

Rárá, ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, bí ẹ bá bẹ aṣẹ̀dá-orin tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín lọ́wẹ̀, òun ló ni orin, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ohun tí owó yín rà ni kí wọ́n kọ ọ́, kí ẹ sì lò ó bí ìwé àdéhùn bá ṣe sọ.

Ẹ jẹ́ kí ìwé yẹn sọ iye owó àti ìgbà tí ẹ ó san án. Ìdajì níbẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tí orin bá dé, ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Kó sọ ọjọ́ tí orin yóò dé. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé, kí orin sì ti wà lọ́wọ́ oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú, nítorí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ọmọdé ń wá sí ìdánrawò. Kó sọ pé ẹgbẹ́ yín ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba, bóyá kí ẹlòmíràn má tíì kọ ọ́ fún ọdún kan. Kó sọ pé ẹ lè ṣe ẹ̀dà fún àwọn akọrin yín láìtún sanwó, pé ẹ lè gbà á sílẹ̀, pé ẹ lè gbé e sórí YouTube, àti ẹni tó máa gba owó bí fídíò náà bá mówó wọlé. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ sókè ìwé orin.

Bí apá yín bá fẹ́ ká a kí orin di tiyín pátápátá, aṣẹ̀dá-orin lè gbà, àmọ́ owó rẹ̀ á lé sí i. Mi ò rí ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi ṣe. Ẹ jẹ́ kó tà á fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, orúkọ yín ló ń bá a kiri.

Kí lẹ máa ṣe bí orin bá dé?

Ẹ má tíì san ìdajì tó kù. Ẹ pe ọmọ mẹ́fà tàbí méje, kì í ṣe àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ jù, kí wọ́n kọ ọ́ wò níwájú aṣẹ̀dá-orin tàbí lórí fóònù. Ibi tí ohùn bá ti há, ibi tí èémí bá ti tán, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà, ẹ sọ ọ́ fún un, kó tún un ṣe. Ẹ kọ èyí náà sínú àdéhùn: àtúnṣe ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láìsí àfikún owó. Bí gbogbo rẹ̀ bá kàn ga jù, kí wọ́n gbé kíì sọ̀kalẹ̀ ìgbésẹ̀ kan. Ẹ má gbé e ju méjì lọ, kó má baà di pé àwọn ọmọ tún ń wá ohùn lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò bá ohùn mu, ó máa ń rọrùn láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn ju kí wọ́n yí orin lọ, àmọ́ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ bi.